Bí ẹ ṣe lè fi fóònù kan àti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ya fọ́tò 3D nínú ilé

Ẹ gbé gángan kan sórí tábìlì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ ti máa ń yà á tẹ́lẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, ọ̀sán iwájú àti ọ̀sán ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ra, bí ìgbà tí wọ́n fi bírò fa ìlà sára igi. Ẹ wá ya méjì, kí ojú òsì wo ọ̀kan, kí ojú ọ̀tún wo ìkejì. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Ẹ ó rí i pé ìbàdí ìlù náà wọnú lóòótọ́, pé àlàfo wà láàárín òun àti ọ̀sán, àlàfo tí ìka lè wọ̀. Fọ́tò 3D nìyẹn, kò sì gba kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù kan, pákó kan, rúlà kan àti sọ́fítíwíà tí wọn kì í gba owó rẹ̀ ti tó.

Láti àárín ẹyinjú kan sí àárín ìkejì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.3 lójú àgbàlagbà. Torí náà, ohun tí ojú òsì ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀tún, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì ni ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Charles Wheatstone, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kan jáde láti fi èyí hàn ní 1838. Dígí méjì àti àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà ló lò, torí wọn kò tíì kéde fọ́tò fún aráyé nígbà náà. Ní 1849, David Brewster ṣe èyí tó ní lẹ́ńsì. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á sílé.

Òfin tó gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí kámẹ́rà dúró sí nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láàárín fọ́tò méjèèjì, kó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló sún sí. Kò gbọdọ̀ ga sókè, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ yíjú, ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà, ohun tí ẹ ń yà kò sì gbọdọ̀ mira. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, àwọn onífọ́tò wa máa ń tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kí ìbejì lè pé. Bí ẹ bá wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú awò 3D, pẹlẹbẹ ni yóò wà, torí ẹyọ fọ́tò kan náà ni méjèèjì. Ìbejì tí à ń wá níhìn-ín ni èyí tó jọra pátá, àmọ́ tí Táyé dúró sápá òsì díẹ̀, tí Kẹ́hìndé dúró sápá ọ̀tún. Sọ́fítíwíà lè tún àṣìṣe kékeré ṣe, kò lè dá fọ́tò tí a kò yà dáadáa padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yíyà fi gùn ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ nínú ìlànà yìí.

Pákó ìfà

Èèyàn lè mú fóònù lọ́wọ́, kó fi ara tẹ ẹsẹ̀ òsì, kó yà, kó fi ara tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó tún yà. Ó dáa fún ìta gbangba. Fún ohun tó wà lórí tábìlì, ọwọ́ kò ṣe é gbára lé. Ẹ ṣe pákó ìfà, kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ẹ wá pákó tó tẹ́jú dáadáa, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40, ìbú rẹ̀ 15. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gún régé mọ́ etí rẹ̀ lẹ́yìn látòkèdélẹ̀. Igi yìí ni odi tí ohun tó gbé fóònù yóò máa fara ti bó ṣe ń sún. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ rúlà mọ́ orí igi náà. Fún ohun tí yóò gbé fóònù dúró, ẹ gé pákó kékeré kan, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, ìbú rẹ̀ 8, nípọn rẹ̀ 4, kí ẹ fi ayùn la ojú rẹ̀ kí fóònù lè wọlé ṣinṣin. Bí kò bá sí ayùn, ẹ kó iyanrìn sínú agolo onígun mẹ́rin kan títí yóò fi wúwo, kí ẹ fi rọ́bà de fóònù mọ́ ọn lára. Ẹ fa ìlà kan sára pákó kékeré náà; ìlà yẹn ni ẹ ó máa fi ka nọ́ńbà lára rúlà.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó yà. Ẹ fà á láti 0 dé 10 bí ẹ ṣe ń wo ojú fóònù. Bí etí tábìlì nínú àwòrán bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, pákó ti wọ́ nìyẹn, tàbí kí igi ẹ̀yìn má gún. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Ojú èèyàn lè fara da ìyàtọ̀ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, torí iṣẹ́ tó ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn. Kì í fara da ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀. Orí fífọ́ ló máa ń bí.

Báwo ni kó ṣe sún tó?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé ojú jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 6.3, wọ́n wá ń fi 6.3 ya gbogbo nǹkan. Ìwọ̀n tó yẹ kò dúró sójú kan. Ẹ wọn bí ohun tó sún mọ́ yín jù nínú fọ́tò ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 30. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni ẹ ó sún.

Bí iwájú gángan bá jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 90, sẹ̀ǹtímítà 3 ni. Bí ẹ bá ń ya ẹyọ obì láti sẹ̀ǹtímítà 15, mìlímítà 5 péré ni. Ẹni tó bá fi 6.3 ya obì yẹn yóò rí i pé ojú kọ̀ láti pa méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí Òkè Àárẹ̀ n'Ìbàdàn, tí ẹ ń ya àwọn òrùlé páànù ìsàlẹ̀, tí èyí tó sún mọ́ jù jìnnà tó mítà 90, ẹ ní láti rìn mítà 3 sápá ọ̀tún kí ẹ tó ya ìkejì. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ojú yà á, ìlú náà á tẹ́ bí ìwé. Bí ẹ bá rìn mítà 3 yẹn, àwọn òrùlé á tò tẹ̀ léra wọn ní ìpele ìpele, àmọ́ ìlú náà á jọ ohun kékeré tí wọ́n tò sórí tábìlì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí a bá la ojú síra ju ti èèyàn lọ, kì í ṣe àṣìṣe yín.

Ìdá 30 wà fún ibi tí ẹ̀yìn fọ́tò ti jìnnà réré. Bí ẹ bá ta aṣọ sẹ́yìn, tí aṣọ náà kò jìnnà ju ìlọ́po méjì ohun iwájú lọ, ẹ lè sọ ìwọ̀n náà di méjì. Gángan wa wà ní 90, aṣọ ẹ̀yìn wà ní 150, torí náà ibikíbi láti 3 sí 6 ló dáa. Bí ẹ bá lo lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po méjì, ẹ dín ìwọ̀n náà kù sí ìdajì.

Ọgbọ́n kan wà tí kì í jẹ́ kéèyàn kábàámọ̀. Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan ní 0, ọ̀kan ní 2, ọ̀kan ní 6. Láti 0 dé 2 jẹ́ 2, láti 2 dé 6 jẹ́ 4, láti 0 dé 6 jẹ́ 6. Fọ́tò mẹ́ta péré, ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ti ní yẹn. Ẹ ó yan èyí tó wu ojú jù nígbà tí ẹ bá dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Yíyà

Ẹ pa fáànù. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń mi aṣọ ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹ fura. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló dáa jù, lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn déédéé. Bí oòrùn bá ń wọlé tó ń jáde, fọ́tò kan á mọ́, ìkejì á ṣú. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń gbé máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá ní ọ̀nà míì, ẹ lo iná alábátìrì.

Aṣọ ẹ̀yìn ṣe pàtàkì. Ògiri funfun tí kò ní àmì kankan kò fún ojú ní ohun tí yóò dì mú, kò sì fún sọ́fítíwíà náà. Àǹkárá tí òdòdó kan náà tún ara rẹ̀ ṣe lọ bẹẹrẹ tún léwu lọ́nà tirẹ̀: ojú lè so òdòdó kan pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, aṣọ náà á wá sún síwájú tàbí sẹ́yìn lọ́nà tí kò yé èèyàn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ irú Ìbàdàndùn ló bá iṣẹ́ yìí mu, torí ohun tó wà nínú igun kan kò jọ ti igun kejì.

Ẹ fi áàpù Open Camera sórí fóònù Android yín. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ìpolówó ọjà. Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí a ti nǹkan pa. Ẹ fọwọ́ kan ìlù lójú fóònù kí kámẹ́rà lè rí i kedere, ẹ wá yan kí ibi tó ń wò dúró sójú kan. Ẹ tẹ àmì àgádágodo kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ má yí padà. Ẹ yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan pàtó, irú èyí tí wọ́n kọ Cloudy sí, ẹ má fi í sí Auto. Ẹ pa HDR. Ẹ má lo Portrait rárá: áàpù ló ń dọ́gbọ́n pa ẹ̀yìn rẹ́ níbẹ̀, bó ṣe pa á rẹ́ nínú fọ́tò òsì kò sì ní í bá ti ọ̀tún mu. Àwọn fóònù tó ní lẹ́ńsì mẹ́ta náà máa ń dá lẹ́ńsì yí padà fúnra wọn bí nǹkan bá sún mọ́ wọn jù. Bí ẹ bá rí i tí àwòrán fò lójijì lójú fóònù, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí ìka yín má bàa mi fóònù. Ní báyìí, ẹ fa ìlà pákó kékeré dé 0, ẹ yà. Ẹ fà á dé 2, ẹ yà. Ẹ fà á dé 6, ẹ yà. Ẹ dá a padà sí 0, kí ẹ tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́tò ìkẹyìn yìí ni ẹlẹ́rìí: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, kò sí ohun tó mira láàárín. Bí òjìji bá ti sún tàbí tí aṣọ ti yí, ẹ tún gbogbo rẹ̀ yà kí ẹ tó tú tábìlì ká.

Ẹ má ṣe yí fóònù kó lè kọjú sí ìlù bí ẹ ṣe ń sún un. Ọwọ́ èèyàn máa ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìlù náà ń kúrò láàárín fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó kúrò. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún látìbẹ̀rẹ̀, a ó gé e lórí kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá yíjú, igun fọ́tò kan á ga ju igun kejì lọ, ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ tí ojú kò fẹ́ á sì tún ti wọlé.

Lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ kó fọ́tò náà láti inú fóònù pẹ̀lú okùn. Bí ẹ bá gba orí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, yóò fún un pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ sọ wọ́n ní osi.jpg àti otun.jpg, láìfi àmì sí lẹ́tà kankan, kí àṣẹ tí a ó tẹ̀ nísàlẹ̀ má bàa ṣe wàhálà. Èyí tí ẹ yà ní 0 ni òsì; èyí tí ẹ yà ní 6 ni ọ̀tún.

StereoPhoto Maker ni irinṣẹ́ tó dáa jù fún iṣẹ́ yìí. Masuji Suto, ará Japan, ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló wà. Àwọn tó ń lo Linux lè fi Wine ṣí i. Ẹ lọ sí File, ẹ yan Open Left/Right Images, ẹ mú fọ́tò méjèèjì. Wọ́n á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá òsì wà lósì. Ẹ wo ibi tí ìlù ti bo àdìrẹ ẹ̀yìn: nínú fọ́tò òsì, ìlù náà á sún sápá ọ̀tún lójú aṣọ, nínú fọ́tò ọ̀tún, á sún sápá òsì. Bó bá jẹ́ òdìkejì ni ẹ rí, ẹ tẹ X, ìyẹn Swap Left/Right.

Ẹ wá tẹ Alt àti A pọ̀. Sọ́fítíwíà náà á wá àwọn àmì tó wà nínú fọ́tò méjèèjì, á fi wọ́n wé ara wọn, á sì yí èyí tó wọ́ títí wọn yóò fi dọ́gba. Gángan lè tàn án jẹ, torí ọ̀sán kan jọ èkejì, ó sì lè mú ọ̀sán karùn-ún pé ìkẹfà ni. Àdìrẹ ẹ̀yìn ló máa ń gbà wá lọ́wọ́ èyí. Bí ó bá sì ṣì wọ́, ẹ ṣí Easy adjustment lábẹ́ Adjust, kí ẹ fi ọwọ́ gbé fọ́tò kan sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, títí etí tábìlì yóò fi wà ní ìlà kan náà nínú méjèèjì.

Ohun tó kù ni fèrèsé. Ẹ rò ó pé etí fọ́tò jẹ́ férémù fèrèsé tí ẹ ń gbà wo inú yàrá. Ohun tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn férémù. Bí etí fọ́tò bá gé ìdí ìlù, tí ìlù náà sì dà bíi pé ó yọ síwájú férémù, ọpọlọ á dàrú: báwo ni férémù tó wà lẹ́yìn ṣe lè gé ohun tó wà níwájú rẹ̀? Ẹ fi bọ́tìnnì ọlọ́fà òsì àti ọ̀tún sún fọ́tò kan lórí èkejì. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ibi tí ẹ ó dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di aláwọ̀ pupa àti búlúù: lábẹ́ Stereo, ẹ yan Color anaglyph, kí ẹ mú Dubois fún red/cyan. Ẹ wo ibi tó sún mọ́ yín jù lára ìlù. Bí etí pupa àti etí búlúù bá yà síra níbẹ̀, ẹ sún un títí méjèèjì yóò fi bo ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbà náà, iwájú ìlù wà lójú férémù gan-an, gbogbo nǹkan tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè yọ síwájú férémù láìdá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tí etí fọ́tò kò gé rárá, bí orí kọ̀ǹgọ́ tó nà sí yín láàárín fọ́tò.

Ẹ yan Save Stereo Image lábẹ́ File. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ ní aláwọ̀ méjì, ẹ tún yan Side by side lábẹ́ Stereo kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ gbé ìwọ̀n dídára (quality) JPEG sí 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò lo Windows

Hugin àti ImageMagick ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Linux, Mac àti Windows. Nínú Hugin, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ align_image_stack. Ẹ ṣí fódà fọ́tò yín nínú terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

align_image_stack -a ibeji -A -C --use-given-order osi.jpg otun.jpg

Lẹ́tà A ló sọ fún un pé fọ́tò 3D ni, kó tún férémù ṣe. C ló ní kó gé etí tó ṣófo kúrò. Fáìlì méjì ni yóò jáde, ibeji0000.tif fún òsì, ibeji0001.tif fún ọ̀tún. Láti sọ wọ́n di aláwọ̀ méjì:

magick ibeji0001.tif ibeji0000.tif -compose CopyRed -composite pupabulu.png

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀tún ló ṣáájú níbẹ̀. Ohun tí àṣẹ náà ń ṣe ni pé ó mú àwọ̀ pupa inú fọ́tò òsì, ó fi rọ́pò ti fọ́tò ọ̀tún. Bí ImageMagick yín bá ti pẹ́, convert ni ẹ ó kọ dípò magick.

GIMP, sọ́fítíwíà àtúnṣe fọ́tò, náà lè ṣe é, fún ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ẹ ṣí fọ́tò ọ̀tún, kí ẹ fi Open as Layers gbé òsì lé e lórí. Ẹ yan òsì, ẹ ṣí Levels lábẹ́ Colors, ẹ mú Green, kí ẹ sọ nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún nínú Output Levels di 0; ẹ ṣe Blue bẹ́ẹ̀. Pupa nìkan ló kù sí i. Ẹ yan ọ̀tún, kí ẹ sọ ti Red di 0. Ẹ wá yí Mode ti òsì sí Screen. Fọ́tò méjèèjì á hàn pọ̀, ẹ ó sì lè fi Move àti bọ́tìnnì ọlọ́fà gbé òsì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi tọ́.

Wíwò

Awò pupa àti búlúù tí wọ́n fi páálí ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Pupa máa ń wà lójú òsì. Ẹ lè fi náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ṣe tiyín, àmọ́ kì í sábà dí ìmọ́lẹ̀ tó: òjìji fọ́tò kejì á máa yọ lẹ́yìn gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá lo náílọ́ọ̀nù, ẹ ká a ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Awò aláwọ̀ méjì ní ọ̀tá kan, ọ̀tá náà ni ohun pupa. Ẹ wo ata rodo pupa nínú rẹ̀. Ojú òsì rí i tó mọ́ rekete, ojú ọ̀tún rí i dúdú bí èédú, ọpọlọ kò sì mọ èyí tí yóò gbà, ata náà á wá máa ṣẹ́jú wìnrìnwìnrìn. Dubois dín èyí kù. Bí pupa bá pọ̀ jù nínú fọ́tò, ẹ yan Gray anaglyph dípò rẹ̀. Àwọ̀ á lọ, ojú á sì sinmi.

Tí wọ́n bá bi wá, káàdì ni a ó mú, ìyẹn fọ́tò òsì àti ọ̀tún tí a tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí ìwé kan. Àwọ̀ rẹ̀ pé, kò nílò iná, kò sì ní òjìji. Oliver Wendell Holmes, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú awò àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń wo káàdì náà ní 1861, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (patent) lórí rẹ̀ kí gbogbo ayé lè ṣe é. Láti tẹ tiyín ní ilé fọ́tò, ìwé 4 sí 6 ínǹṣì tó. Àárín fọ́tò kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí àárín ìkejì ju bí ẹyinjú ṣe jìnnà síra lọ, torí ojú kò lè là sóde. Àwọn àṣẹ ImageMagick yìí, tó ń lo fáìlì méjì tí Hugin ṣe, á fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 6.1:

magick ibeji0000.tif -resize 720x960^ -gravity center -extent 720x960 k1.png

magick ibeji0001.tif -resize 720x960^ -gravity center -extent 720x960 k2.png

magick k1.png k2.png +append -background white -gravity center -extent 1800x1200 -units PixelsPerInch -density 300 kaadi.jpg

Fọ́tò tó ga ló bá káàdì yìí mu, torí náà ẹ gbé fóònù dúró lóròó nígbà tí ẹ bá ń yà á. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kó má fẹ̀ ẹ́ kún inú ìwé, kó má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe.

Láti wò ó láìní awò, ẹ gbé káàdì sún mọ́ imú, kí ẹ wo iwájú bíi pé ẹ ń wo òpin àdúgbò, ẹ jẹ́ kó ṣú lójú. Ẹ máa sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ ó rí fọ́tò mẹ́ta. Ẹ má wo ti ẹ̀gbẹ́. Ti àárín ló jìn. Bí kò bá tètè yọ, ẹ gbé páálí kan dúró láàárín imú àti káàdì kí ojú kọ̀ọ̀kan má bàa rí ti ẹnìkejì rẹ̀. Awò ìkàwé +3.5 tí wọ́n ń tà lọ́jà tún ń ṣèrànwọ́ gan-an: ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ mú káàdì dúró ní sẹ̀ǹtímítà 28, ojú kò ní í ṣe wàhálà láti rí i kedere. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa, tàbí tí ojú rẹ̀ méjèèjì kì í wo ibì kan náà, lè má rí ìjìn náà rárá, bó ti wù kí ẹ yà á dáadáa tó. Ẹ má fipá mú un.

Bí ó bá kọ̀

Bí ìlù bá dà bí ihò tó wọnú aṣọ, tí aṣọ wá yọ síwájú, òsì àti ọ̀tún ti gba ipò ara wọn. Bí ìlù bá dà bí àwòrán tí wọ́n gé láti inú páálí, tí ó dúró pẹlẹbẹ níwájú aṣọ, ẹ sún un kéré jù, tàbí kí ẹ ti jìnnà kí ẹ sì fi lẹ́ńsì fa nǹkan súnmọ́. Ẹ lọ mú fọ́tò 0 àti 6. Bí ojú bá ń ro yín kí ẹ tó lè pa méjèèjì pọ̀, ó pọ̀ jù. Ẹ mú 0 àti 2. Bí ibì kan bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ibi tó kù dúró, ohun tó wà níbẹ̀ ló mira láàárín fọ́tò méjèèjì: ewé, ìkùukùu, òjìji, ìtànṣán tó ń dán lára irin tàbí omi. Ìtànṣán lára irin kò ní àtúnṣe, torí kò sí ibì kan náà tó ti máa ń tàn fún ojú méjèèjì. Ẹ fi aṣọ funfun dí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀.

Ọmọdé, ewúrẹ́, omi tó ń ṣàn àti ọjà tó ń yí kò ṣe é fi fóònù kan ṣoṣo yà. Fóònù méjì tó jẹ́ irú kan náà ni ó ń gbà. Ẹ so wọ́n mọ́ pákó kan, kí lẹ́ńsì wọn jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà 7, kí ẹni tí ẹ ń yà sì jìnnà tó mítà 2, kí ẹ tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò ní í bára mu délẹ̀délẹ̀. Fún ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, ó máa ń tó. Fún ẹni tó ń jó, ẹ yà á ní ìgbà ogún kí ẹ lè rí ẹyọ kan mú nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo fọ́tò tí ẹ kò tíì gé, òsì sínú fódà kan, ọ̀tún sínú ìkejì, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, torí láti ara wọn ni ẹ ó ti tún káàdì ṣe bí ẹ bá gba awò míì.